Orí Kẹfà: Ààlẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ètò tí ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́

Ètò ìtọ́jú ẹ̀dà ni irú sọ́fítíwià tí ń pa gbogbo àyípadà tó bá iṣẹ́ kan mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe àyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é, tí ó sì ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti padà sí iṣẹ́ àná bí tòní bá bàjẹ́. Ibi tí ètò náà ń kó gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí sí ni orí yìí yóò máa pè ní àká, nítorí pé bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ìkórè sínú àká ni àwọn tí ń kọ sọ́fítíwià ń kó iṣẹ́ òòjọ́ wọn sínú rẹ̀. Fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ń ṣe àtúnṣe kí ó tó kó o lọ sí àká, ni yóò máa jẹ́ ẹ̀dà ìṣiṣẹ́.

Marc Rochkind ló kọ SCCS, ọ̀kan lára àwọn ètò àkọ́kọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1972. Lẹ́yìn rẹ̀ ni RCS ti Walter Tichy dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí ó tó kan Subversion, tí ilé iṣẹ́ CollabNet bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 2000 tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní 2004, àti Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2005. Ìlò wọn kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ sọ́fítíwià nìkan. Glottolog, àkójọ ìmọ̀ nípa àwọn èdè àgbáyé, tí èdè Arigidi àti èdè Ukaan ti ilẹ̀ Àkókó wà nínú rẹ̀, Git ni wọ́n fi ń tọ́jú dátà rẹ̀. Bákan náà ni irú ètò yìí sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, èyí tó wà ní Àkùngbá-Àkókó láti 1999, tí kò sì jìnnà sí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bó bá fẹ́ kí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ má ṣègbé.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tí ń lo ètò wọ̀nyí kò lè ṣe kí wọ́n má pàdé: wọn yóò fún kọ̀ǹpútà láṣẹ, yóò sì dá wọn lóhùn pé ẹlòmíràn ti ti fáìlì tí àwọn fẹ́ lò. Ohun tí àṣìṣe náà jẹ́, ohun tí ń fà á, àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yanjú rẹ̀ láìba iṣẹ́ jẹ́ ni orí yìí dá lé lórí.

Ìdí tí títì fi wà

Kí ẹnikẹ́ni tó lè yanjú àṣìṣe yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé títì náà kì í ṣe àrùn, ààbò ni. Àpẹẹrẹ ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí owó ọmọ ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ ₦5,000, tí akọ̀wé méjì sì ka iye náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan fi ₦1,000 kún un tó kọ ₦6,000 sílẹ̀, tí èkejì fi ₦2,000 kún iye tó ti kà tẹ́lẹ̀ tó sì kọ ₦7,000 lé èyí tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ, ₦7,000 ni ìwé yóò máa wí, bẹ́ẹ̀ ₦8,000 ló yẹ kí owó náà jẹ́. Kò sí olè láàárín àwọn akọ̀wé náà, síbẹ̀ ₦1,000 ti sọnù, nítorí pé ẹni méjì kọ ìwé kan náà láìdúró de ara wọn. Ohun kan náà ló lè ṣẹlẹ̀ sí fáìlì tí ètò méjì ń kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń ti fáìlì kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i.

Àgádágodo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi títì yìí wé, ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá ní ohun kan tó bá a mu ju àgádágodo lọ, ìyẹn ààlẹ̀. Ẹni tó bá kó igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí kò tíì ráyè rù ú lọ sílé, lè fi ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí àkísà lé e lórí, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ni yóò mọ̀ pé igi náà ní olówó. Ìkarahun kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Àdéhùn tó wà láàárín àwọn ará ìlú pé wọn kò ní fọwọ́ kan ohun tí ààlẹ̀ bá wà lórí rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni púpọ̀ nínú títì inú kọ̀ǹpútà rí, nítorí pé àwọn ètò ti jọ ṣe àdéhùn láti wo àmì kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan fáìlì, ètò tí kò bá sì mọ àdéhùn náà lè kọjá lórí àmì kí ó sì ba nǹkan jẹ́. Bí ẹni tó fi ààlẹ̀ lé igi bá kú kó tó padà wá, ààlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì máa yẹra fún igi tí kò ní olówó mọ́. Gbòǹgbò àṣìṣe tí orí yìí ń sọ nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Oríṣi títì mẹ́ta

Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta tí kò jọ ara wọn ló wà, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa lo oògùn ẹsẹ̀ fún orí.

Èkínní ni títì tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti kìlọ̀ fún ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀dà 1.2 tó jáde ní 2005 ni Subversion ti ní àṣẹ svn lock, èyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lè lò, nítorí pé kò rọrùn láti da iṣẹ́ ènìyàn méjì pọ̀ nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe lè ṣe é nínú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀. Bí irú títì yìí bá dí ènìyàn lọ́wọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ní ẹjọ́; kí ó bá ẹni tó ti fáìlì sọ̀rọ̀, kí onítọ̀hún sì fi svn unlock tú u.

Èkejì ni títì tí ètò kọ sílẹ̀ tàbí tó fi fáìlì ṣe, tí ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ètò náà ti kú. Git ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó hàn jù. Nínú fódà .git, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ index, èyí tí Git ń to orúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ kó lọ sí àká sínú rẹ̀. Nígbà tí Git bá fẹ́ yí i padà, yóò ṣẹ̀dá fáìlì tuntun tó ń jẹ́ index.lock, yóò kọ àkọsílẹ̀ tuntun sínú rẹ̀, nígbà tó bá sì parí, yóò fi orúkọ index pe tuntun náà kí ó lè rọ́pò ti àtijọ́. Bí iná bá lọ kí ó tó parí, index.lock yóò ṣẹ́kù, Git mìíràn tó bá sì dé yóò rí i, yóò sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Subversion náà ń kọ títì ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, lẹ́tà L tó máa ń hàn nínú èsì svn status sì ni àmì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni títì tí ètò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú, tí ètò olùdarí kọ̀ǹpútà, bíi Linux tàbí Windows, ń bá a ṣọ́. Kò sí ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn irú títì yìí, nítorí pé ní kété tí ètò tó dì í mú bá kú ni ètò olùdarí yóò tú u. Irú èyí ni SQLite ń lò. SQLite ni ẹ̀rọ àkójọpọ̀ dátà tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní 2000, tí ń kó gbogbo dátà sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ó wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà ní Ìkàrẹ́, òun náà ni WhatsApp sì ń lò láti tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá bá ara wọn sọ lórí fóònù. Láti ẹ̀dà 1.7 tó jáde ní oṣù kẹwàá 2011 ni Subversion ti ń lo SQLite fún ẹ̀dà ìṣiṣẹ́, nínú fáìlì tó ń jẹ́ wc.db. Ṣáájú ìgbà náà, fódà kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, ibì kan ṣoṣo ní òkè pátápátá ni àkọsílẹ̀ gbogbo fódà wà, tí ó fi jẹ́ pé ètò kan tó bá di wc.db mú lè dá iṣẹ́ gbogbo fódà dúró.

SQLite kò ti fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà pátápátá. Ó ń gba ọ̀pọ̀ òǹkàwé láyè láti jọ kà á. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ nǹkan, yóò kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀ láìlé àwọn òǹkàwé. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì gan-an, kò ní gba òǹkàwé tuntun wọlé mọ́, yóò sì dúró de àwọn tó ti wà nínú ilé kí wọ́n jáde. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá dá fáìlì náà ní. Nítorí náà, òǹkàwé kan ṣoṣo tí kò bá jáde tó láti dá òǹkọ̀wé dúró, ohun tó sì ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí, nítorí pé wọ́n rò pé ètò tó ń kàwé lásán kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìtàn Berkeley DB, ẹ̀rọ àkójọpọ̀ dátà mìíràn, fi hàn bí ìyàtọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Òun ni Subversion fi ṣe àká ní ìbẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ títì rẹ̀ sì wà ní ibi tí gbogbo ètò tó ń lò ó jọ ń wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú lójijì, títì rẹ̀ kò kú pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo àká yóò sì há títí alábòójútó yóò fi dá gbogbo ètò tó ń lò ó dúró, tí yóò sì lo àṣẹ svnadmin recover. Ìnira yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn tó ṣe Subversion gbé irú àká mìíràn, FSFS, jáde nínú ẹ̀dà 1.1 ní 2004, tí wọ́n sì fi ṣe àká àkọ́yàn nínú ẹ̀dà 1.2.

Bí àṣìṣe náà ṣe ń fara hàn

Nínú Subversion, nọ́ńbà méjì ló yẹ kí òǹlò mọ̀. E155004 ń sọ pé títì ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ ló ṣẹ́kù, ìyẹn oríṣi kejì. E200033, tí ọ̀rọ̀ database is locked máa ń bá rìn, ń sọ pé ètò mìíràn di wc.db mú lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyẹn oríṣi kẹta. Git kì í fún àṣìṣe yìí ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n yóò dárúkọ index.lock, yóò sì sọ pé ó jọ bí ẹni pé Git mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú àká kan náà.

Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fa àṣìṣe wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni iná tó lọ lójijì tàbí bátìrì tó kú, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nítorí pé epo lè tán láàárín ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan lọ́wọ́. Èkejì ni ètò tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí òǹlò kò rí: TSVNCache, ètò kékeré tó bá TortoiseSVN, ètò tí a fi ń lo Subversion lórí Windows, wá, máa ń ka wc.db láti fi àwọ̀ sí àmì fáìlì. Ètò ìkọ̀wé kóòdù máa ń pe Git láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó pè é. Ètò tí ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà náà sì máa ń ṣí fáìlì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta ni àyè ìlò tó dàrú, pàápàá nígbà tí ẹnì kan bá ti fi sudo, àṣẹ tí ń fúnni ní agbára alábòójútó, ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí fáìlì sì di ti alábòójútó, tí òǹlò gan-an kò fi lè kọ nǹkan sí i mọ́. Ẹ̀kẹrin ni gbígbé ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ, bíi fódà tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí fódà tí Dropbox tàbí OneDrive ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn tó ṣe SQLite fúnra wọn kìlọ̀ pé títì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ètò méjì sì lè gbà pé àwọn nìkan ni àwọn di fáìlì náà mú.

Ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko; ìmọ̀ràn yìí bá iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí mu. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí òǹlò má pa ohunkóhun rẹ́, kí ó da ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà kọ bó ṣe wà, kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì tún un gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ títì kì í pẹ́, ètò tó dì í mú yóò parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà yóò sì là fúnra rẹ̀.

Bí àṣìṣe náà bá ṣì wà, ìgbésẹ̀ kejì ni láti wá olówó ààlẹ̀. Lórí Linux, àṣẹ fuser tàbí lsof, tí a bá fún un ní orúkọ fáìlì, yóò sọ ètò tó ṣí i. Lórí Windows, Task Manager yóò fi ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, Resource Monitor yóò sì sọ èyí tó di fáìlì kan mú. Bí olówó bá wà láàyè, kí òǹlò jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó pa á dé bó ṣe yẹ kí a pa ètò dé, kí ó má ṣe fipá pa á àfi bó bá ti há pátápátá.

Bó bá dájú pé kò sí olówó mọ́, ìgbésẹ̀ kẹta dúró lórí oríṣi títì tó ṣẹ́kù. Fún Subversion, kí ó lọ sí fódà òkè pátápátá ẹ̀dà ìṣiṣẹ́, kí ó sì lo svn cleanup, èyí tí yóò parí iṣẹ́ tó dúró lágbedeméjì, tí yóò sì tú títì tó ṣẹ́kù. Fún Git, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa index.lock rẹ́, nítorí pé index àtijọ́ ṣì wà ní pípé, àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí nìkan ló wà nínú èyí tó pa rẹ́. Fún SQLite, kò sí fáìlì títì kankan láti pa rẹ́; bí ó bá ṣì ń sọ pé wọ́n ti dátà, ètò kan ló dì í mú níbì kan, wíwá a kiri sì ni iṣẹ́ tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni láti wo àyè ìlò àti àyè inú dísíkì. Àṣẹ ls -l yóò sọ ẹni tó ni fáìlì, df -h yóò sì sọ bóyá dísíkì ti kún, nítorí pé dísíkì tó kún lè mú kí ètò kú lágbedeméjì, kí ó sì fi títì rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni láti mọ̀ bóyá nǹkan ti bàjẹ́: git fsck ni ti Git, svnadmin verify ni ti àká Subversion, PRAGMA integrity_check ni ti SQLite, èyí tí ọ̀rọ̀ ok kan ṣoṣo jẹ́ èsì rere rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wc.db ló bàjẹ́, kí òǹlò má banújẹ́, nítorí pé ó lè gba ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ tuntun láti inú àká, kí ó sì da àwọn fáìlì tó ti ṣàtúnṣe sínú rẹ̀. Ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ ṣeé rọ́pò, àká ni kò ní arọ́pò bí kò bá ní ẹ̀dà.

Fáìlì tí kò gbọdọ̀ parẹ́

Àṣìṣe tó burú jù lọ níbí yìí ni kí ènìyàn pa fáìlì tó ń jẹ́ wc.db-journal rẹ́ nítorí pé ó jọ index.lock lójú rẹ̀. Kí SQLite tó yí ojú ìwé kan padà nínú dátà, yóò kọ́kọ́ da ojú ìwé náà kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sínú fáìlì ìrántí yìí. Bí iṣẹ́ bá parí láyọ̀, yóò pa ìrántí náà rẹ́ tàbí kí ó sọ ọ́ di òfo fúnra rẹ̀. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ètò tó bá kọ́kọ́ ṣí dátà lẹ́yìn náà yóò rí ìrántí náà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan dá dúró, yóò sì fi ojú ìwé àtijọ́ padà sí àyè wọn. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ti gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn, nítorí pé dátà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ tuntun tí apá kejì sì jẹ́ ti àtijọ́ kò ní ọ̀nà mọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Fáìlì méjèèjì máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ààlẹ̀ ni ọ̀kan, ìwòsàn sì ni èkejì.

Ìdènà

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ níbi tí iná kì í ti í dúró nílò UPS tàbí ínfátà tí yóò fún un ní àyè láti parí iṣẹ́ kó tó pa ẹ̀rọ. Kí ẹ̀dà ìṣiṣẹ́ wà lórí dísíkì kọ̀ǹpútà gan-an, kí a yọ fódà rẹ̀ kúrò nínú ohun tí Dropbox tàbí OneDrive ń dà kọ, kí a má sì fi sudo ṣe iṣẹ́ tí kò nílò rẹ̀. Alábòójútó àká Subversion ní svnadmin hotcopy, èyí tó lè da àká kọ nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń lò ó. Ẹni tó ń lo Git lè fi git push gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí sáfà nígbàkígbà tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú àká kì í ṣe ẹ̀dà ààbò, nítorí pé olè kan tàbí dísíkì kan tó kú lè mú méjèèjì lọ.

Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Àkókó àti níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá yóò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn lóore bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ́ nípa títì kún ẹ̀kọ́ nípa Git láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó má di ìgbà tí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bá há kí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wá ohun tí yóò pa rẹ́ kiri. Kí ẹni tó bá rí ààlẹ̀ kọ́kọ́ béèrè olówó rẹ̀. Bí olówó bá wà, kí ó dúró dè é. Bó bá sì dájú pé kò sí mọ́, ìgbà náà ni kí ó tó fọwọ́ kàn án.